Òkun ti dé ẹ̀yìnkùlé: ohun tó yẹ ká máa ṣe ká tó kó kúrò

Nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá, ìyá mi mú mi lọ́wọ́ jáde, wọ́n na ìka sínú omi, wọ́n ní "ṣé o rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ilé ìdáná wa wà, ibẹ̀ ni mo ti ń yan ẹja nígbà tí mo lóyún ẹ." Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan àfi omi. Ọkọ̀ kan tiẹ̀ ń kọjá lórí ibẹ̀. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé kò sí fọ́tò, kò sí ìwé, kò sẹ́ni tó wọn ibẹ̀ rí, tí wọ́n bá ní kí n wá fi hàn pé a ní ilé níbẹ̀, ìka ìyá mi nìkan ni mo ní.

Ayétòrò ni mò ń sọ o, Ayétòrò ti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 làwọn bàbá wa, àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ ìlú yẹn dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan náà lowó wà, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná tiwọn láti bí ọdún 1950 sí 1960 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú lókè ṣì ń tan àtùpà. Ìlú yẹn náà ni òkun ń jẹ báyìí, àdúgbò kan tẹ̀lé òmíì. Kì í sì í ṣe àwa nìkan, Awóyè àti Mólútẹ̀hìn lára Ìlàjẹ náà ń rí i, àwọn ará Òkun Alfa ní Èkó ń rí i. Ẹ̀yin tí ilé yín ṣì dúró ni mo ń kọ èyí fún, kó má di ìka nìkan lẹ máa ní lọ́wọ́ bíi tèmi.

Ká yára sọ ohun tó ń fà á, torí tẹ́ ẹ bá lọ bá ìjọba ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ẹ̀. Èédú àti epo tí gbogbo ayé ń jó ló ń mú ayé gbóná, ìyẹn ń yọ́ yìnyín, ó sì ń mú kí omi òkun fúnra ẹ̀ wú, láàárín ọdún 1901 sí 2018 òkun àgbáyé ti ga sókè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20, báyìí ó ń lé sí i ní bíi mílímítà 4 lọ́dún. Mílímítà 4 lè dà bí nǹkan tí ò jọ nǹkan, àmọ́ ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrẹ̀ ni, kò sí òkúta nínú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ tún ń rì. Ẹ wá fi kànáàlì tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì kún un, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọ inú igbó omi dídùn, igi kú, gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú jẹrà, ilẹ̀ wá ń tú bí ẹ̀kọ tí ò dì. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní ẹ̀ṣẹ̀ yín ló fà á, ẹ má dá a lóhùn.

Ó yá, ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ máa wọn ilẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Ẹ wá òpó irin méjì tàbí igi líle tí kòkòrò omi ò ní jẹ, ẹ rì wọ́n wọlẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ilé, níbi tí òkun ò tíì dé. Kí ọ̀kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn ẹ̀ ní mítà 10, kí àwọn méjèèjì to tẹ̀lé ara wọn kọjú sí òkun, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́yìn ti ẹ̀yìn, ti iwájú á fara pamọ́ fún un. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì ni pé àwọn ló máa tọ́ yín sọ́nà, kẹ́ ẹ má bàa wọn apá ọ̀tún lóṣù yìí kẹ́ ẹ wá wọn apá òsì lóṣù tó ń bọ̀, àti pé lọ́jọ́ tí òkun bá gbé ti iwájú lọ, ti ẹ̀yìn ṣì wà, ẹ sì mọ iye tó wà láàárín wọn, ìwé yín ò ní já.

Látara òpó iwájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ẹ má wọ̀n ọ́n dé ibi tí omi wà o, torí omi ń kún ó ń fà, ẹ wọ̀n ọ́n dé ẹnu ibi tí ilẹ̀ ti já, ibi tí koríko parí sí. Téèpù gígùn tí àwọn bíríkìlà ń lò ló dáa jù. Tẹ́ ò bá ní, ẹ lo okùn, ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kó má jẹ́ okùn nàílọ́ọ̀nù, torí ìyẹn máa ń nà tó bá ti tutù, ó sì máa pa irọ́ fún yín. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, iye mítà, ẹni tó wọ̀n ọ́n, ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí. Ìwé gidi tó ní èèpo líle, kì í ṣe ẹ̀yìn káàdì ìpè. Bákan náà, ẹ dúró síbi òpó ẹ̀yìn kẹ́ ẹ ya fọ́tò, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, kí nǹkan kan tí ò ní kúrò wà nínú ẹ̀, bí igi àgbọn tàbí igun ilé.

Fóònù náà lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ ojú ibi tẹ́ ẹ dúró sí mọ́lẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà méjì máa jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ni lòkéṣọ̀n òpó yín. Kẹ́ ẹ sì ti dáńlóòdù máàpù àdúgbò yín sórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù kò ní sí. Àmọ́ ẹ má fi fóònù rọ́pò téèpù, fóònù lè fi mítà bíi 5 ṣì í, bẹ́ẹ̀ ìgbì kan péré lè gbé mítà 5 lọ. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà, kó bá yín wo Timelapse inú Google Earth, àwòrán láti ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀ láti ọdún 1984, ẹ máa rí bí etí òkun ṣe ń wọlé lọ́dọọdún, ẹ fi í pamọ́, kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ lẹ̀ ń pa.

Kí wá ni ìlò ẹ̀? Ká ní mítà 30 lẹ bá lóṣù kìíní, tó wá di mítà 24 lóṣù kẹfà, mítà 6 ti lọ láàárín oṣù márùn-ún, tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ kò ní tó ọdún méjì tó máa wọlé bá yín. Òkun ò kúkú ń jẹun déédéé, ó lè má jẹ nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta kó wá gbé mítà mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo ilé jókòó fẹnu kò nísinsìnyí pé tó bá ti ku mítà báyìí, a máa tú ilé yìí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ kun òpó kan ní pupa síbẹ̀. Mo mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn, àwọn àgbà wa máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la", òru ni òkun sì sábà máa ń dé, gbogbo ẹrù á wá bá omi lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ òru yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń ka omi, torí àwọn apẹja mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwọn tó dàgbà sí Èkó ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lomi ń kún lójúmọ́, wákàtí 12 àti bí ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan sí èkejì, ìyẹn ló fà á tí tòní fi ń pẹ́ ju tàná lọ ní bí ìṣẹ́jú 50. Ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú ló ń kún jù. Tí ìgbì ńlá bá wá bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, wàhálà dé nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìgbì ńlá yẹn kì í sábà jẹ́ ti ìjì tiwa, ìjì tó jà ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, lọ́nà jíjìn réré, ló ń tì í wá, ó lè dé lọ́jọ́ tí oòrùn ràn tí ewé kan ò mì. Láti bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ sàmì sí ọjọ́ òṣùpá tuntun àti ọjọ́ àrànmọ́jú gbogbo, alẹ́ ọjọ́ yẹn àti bí ọjọ́ méjì tẹ̀lé e, kí àwọn arúgbó àti ọmọdé sùn sí ilé tó wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ gbé ẹ́ńjìnì sókè, ẹ so ọkọ̀ dáadáa, kí fóònù kún fún iná. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, owó ò sí lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan, ọkọ̀ aládùúgbò yín ló máa kọ́kọ́ dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àpò yẹ̀pẹ̀ ńkọ́? A ti dán an wò. Lórí ilẹ̀ yanrìn ó lè mú un dúró fún ìgbà díẹ̀, lórí ẹrẹ̀ tiwa omi ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, àpò á rì, owó á ṣòfò. Tẹ́ ẹ bá ní owó yẹn lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ra pákó àti páànù pamọ́. Igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò ẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ alákàn yẹn, ẹ má gé e fún yíyan ẹja mọ́, ẹ gbìn ín sí etí odò àti kọ̀rọ̀ tí ìgbì ò le sí, torí lójú òkun gangan ìgbì á fà á tu. Ní ti ògiri ìjọba, ẹ máa béèrè ẹ̀ nìṣó, ẹ̀tọ́ yín ni. Ọdún 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò síta, ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń retí ẹ̀, òkun ò sì dúró dè wọ́n. Tí wọ́n bá wá bá yín sọ̀rọ̀ ògiri, ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ló máa ṣe fún abúlé tó tẹ̀lé yín lápá ìlà oòrùn. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, torí yanrìn etíkun wa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, nígbà tí wọ́n sì to òkúta sẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé, yanrìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etíkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, níbi tá a wá mọ̀ sí Bar Beach, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọlé. Ìdènà ẹnì kan lè di ìparun ẹlòmíì.

Èyí tó kàn ni ìwé ìlú, èmi gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí. Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé àti ìyá àgbà kan tó mọ gbogbo ilé, kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé. Ta ló ni ilé, èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, yàrá mélòó, pákó ni àbí búlọ́ọ̀kù, ọkọ̀ mélòó, ẹ́ńjìnì, àwọ̀n, ààrò ẹja. Kí onílé dúró síwájú ilé ẹ̀ kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ti kó lọ o! Àṣìṣe tí mo rí nìyẹn níbi tí wọ́n ti ka èèyàn rí, àwọn tó ṣẹ́kù ni wọ́n kà, àwọn tí òkun lé lọ sí Ìgbókọ̀dá àti Èkó di ẹni tí ò sí, nígbà tí ìrànlọ́wọ́ ìrẹsì àti fóòmù dé, orúkọ wọn ò sí nínú ìwé. Ẹ kọ orúkọ wọn, ibi tí ilé wọn wà, ọdún tó lọ, ibi tí wọ́n wà báyìí, nọ́ńbà fóònù wọn.

Tí ìwé bá ti pé, kí ọba tàbí baálẹ̀ fọwọ́ sí i (nílé wa Ògèlóyìnbó ni), kẹ́ ẹ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù tó sún mọ́ yín. Ẹ ṣe é ní mẹ́ta, ọ̀kan láàfin, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ ìlú tó ń gbé lókè, ẹ tún ya gbogbo ojú ìwé sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ká ṣe gbogbo èyí ni pé Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, òkun kì í ṣe ìjọba, kì í fi ìwé ránṣẹ́ kó tó gba ilé. Tí owó bá máa jáde lọ́jọ́ kan, látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ní ẹ̀rí ni wọ́n máa dá lóhùn. Ìwé tiyín náà, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN, WAEC, ẹ kó o sínú nàílọ́ọ̀nù méjì, ẹ dì í pinpin, ẹ fi sínú kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ gé ẹnu ẹ̀, kó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Omi mímu, ní ṣókí: tí kànga bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun iyọ̀, ẹ má fi ipá mu ún, omi òjò orí páànù ni kẹ́ ẹ máa gbè, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù dànù ná, ẹ se omi kẹ́ ẹ tó mu ún. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, líta omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tẹ́ ẹ gé ojú ẹ̀ pẹrẹsẹ, ìdajì ṣíbí iyọ̀, ẹ pò ó, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Kíkó kúrò wá ńkọ́? Ilé pákó ní oore kan tí ilé búlọ́ọ̀kù ò ní, ẹ lè tú u. Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sí pákó kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó yọ ìṣó kan ṣoṣo, iwájú 1, iwájú 2, ọ̀tún 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páànù ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ògiri, ilẹ̀ pákó lẹ́yìn, òpó ìsàlẹ̀ lẹ máa fà tu kẹ́yìn. Ìgbà tí omi bá fà ni kẹ́ ẹ tú u, ìgbà tí omi bá kún ni kẹ́ ẹ gbé e sọ́kọ̀, torí ìgbà yẹn lọkọ̀ lè sún mọ́lé. Ẹrù lọ́tọ̀, èèyàn lọ́tọ̀, ẹ má kó ọmọ lé orí pákó nínú ọkọ̀ nítorí owó epo. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí omi kún jù lóṣù kẹsàn-án, kì í ṣe nígbà ẹ̀rùn tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí. Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí, torí apẹja tẹ́ ẹ bá gbé jìnnà sómi, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ lọ kí onílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà yín, kẹ́ ẹ ṣe ìwé, kó wà nínú ìwé pé ẹ lè sin òkú yín síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ sì lọ pa pọ̀, bó ṣe ilé mẹ́rin mẹ́rin tó mọ ara wọn. Àwọn ará Guna ní orílẹ̀-èdè Panama, tí wọ́n ń gbé erékùṣù Gardi Sugdub, fúnra wọn ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní bí ọdún 2010, oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n tó wọ ìlú tuntun wọn lórí ilẹ̀ gidi, Isberyala, nǹkan bí 300 ilé. Ẹ wo iye ọdún tó gbà! Àwọn kan nínú wọn ṣì dúró sí erékùṣù, kò sẹ́ni tó fipá mú wọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nílé wa náà nìyẹn, ẹ má lé arúgbó tó ní òun ò lọ, ẹ fi ọ̀dọ́ kan tì í.

Ọ̀rọ̀ sàréè le. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tó wà ní ibi ìsìnkú, ẹ ya òkúta orí wọn ní fọ́tò kí ìgbì tó dé ibẹ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ gbé òkú ẹ̀ kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá wolé-wolé àti ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn hú u. Ìdílé tí ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àdúrà tiwọn níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà.

Ibi tó ti lọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, irú ilé ìdáná ìyá mi? Ọ̀nà ṣì wà. Ẹ mú àgbà tó rántí dúró síbi òpó yín, kí ó na ìka, ẹ ṣí kọ́ńpáàsì inú fóònù, ẹ kọjú ẹ̀ sí ibi tí ìka ń tọ́ka, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde. Ẹ wá bá a rìn lọ síbòmíì létíkun, bí 200 mítà sí ibi àkọ́kọ́, kó tún na ìka sí ibì kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà kejì. Tẹ́ ẹ bá fa ìlà méjì sórí máàpù, látibi méjèèjì tẹ́ ẹ dúró sí, síbi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kọjú sí, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ilé yẹn wà. Ó lè ṣì díẹ̀, àmọ́ tí àgbà mẹ́ta bá ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó sún mọ́ ara wọn, ẹ ti rí nǹkan gidi. Èmi àti ìyá mi ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilé ìdáná la fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń rántí aládùúgbò kan tẹ̀lé òmíì lójú afárá pákó tó kọjá níwájú ilé wa, ìyá oníṣáwá, bàbá kápẹ́ńtà, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, wọ́n ń pe orúkọ, mò ń kọ, a ti ṣe ilé mọ́kànlá kí iná fóònù tó tán, wọ́n ní kí n má dààmú, kí n lọ gbé e sí iná, wọ́n á jókòó dè mí.